Rodinal àbí D-76? Yíyan dẹfẹ́lópà fún fíìmù ISO kékeré nínú ooru Ìlọrin

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà fíìmù dúdú-àti-funfun ní Ìlọrin níbí, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni "Ẹ̀gbọ́n, dẹfẹ́lópà wo ni kí n rà?" (oògùn tá a fi ń fọ fíìmù kí àwòrán inú ẹ̀ lè yọ ni dẹfẹ́lópà), tí n bá wá ní fíìmù wo lo ní lọ́wọ́, wọ́n á ní Pan F, wọ́n á ní FP4, wọ́n á sì fi kún un pé èyí tí gréènì ẹ̀ (èérún wínníwínní tó máa ń hàn lójú fọ́tò) máa kéré jù làwọn ń wá o. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń dá wọn dúró. Fíìmù tí ISO ẹ̀ (bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) wà láàárín 25 sí 125, gréènì ẹ̀ ti kéré látọwọ́ àwọn tó ṣe é, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa tún náwó lórí dẹfẹ́lópà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa pa gréènì lọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò lára dẹfẹ́lópà nílùú tiwa yìí yàtọ̀: ṣé ó máa jẹ́ kí láàsì funfun àti ojú dúdú jọ hàn dáadáa nínú fọ́tò kan náà lábẹ́ òòrùn wa, ṣé ó lè jókòó sínú ìgò fún oṣù gbọọrọ kó má bàjẹ́, ṣé àkókò ẹ̀ sì máa gùn tó nígbà tómi bá gbóná. Tẹ́ ẹ bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wò wọ́n, èmi ò rí èyí tó ju Rodinal lọ fún fíìmù ISO kékeré, D-76 ló tẹ̀ lé e, ó sì níbi tí D-76 ti máa ń borí, màá sọ ibẹ̀ náà.

Fíìmù tí mò ń sọ ni Ilford Pan F Plus tó jẹ́ ISO 50, FP4 Plus tó jẹ́ 125, Delta 100, Kodak T-Max 100, Fomapan 100, Kentmere 100, Rollei RPX 25. HP5 àti Tri-X ò sí nínú ọ̀rọ̀ òní, ISO 400 nìyẹn, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń lo fíìmù ISO kékeré láàárín wa, iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sábà máa ń fi ṣe, bí ìkòkò àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò l'Ókèlele, ọwọ́ ahunṣọ lórí òfì, àpáta Sóbì, ère òkúta Èsìẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, omi Òwu tó ń já bọ̀ látòkè. Gbogbo ẹ̀ ló ní ìlà àti ojú wínníwínní tá a fẹ́ kó hàn ketekete, torí ẹ̀ la ṣe gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà lọ, torí ẹ̀ la ò ṣe lo ISO 400.

Rodinal àti D-76, ẹ jẹ́ ká gbé wọn kalẹ̀

Rodinal ti wà láti 1891, Agfa ilẹ̀ Jámánì ló gbé e jáde, Momme Andresen lorúkọ ẹni tó ṣe é, Adox ló ń ṣe é tà báyìí, ẹ sì lè rí i pẹ̀lú orúkọ Adonal tàbí R09, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Olómi ni, ó ki gan-an, díẹ̀ lẹ máa bù sínú omi púpọ̀. D-76 ti Kodak ní tiẹ̀, pawúdà ni, òun náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ID-11 tí Ilford ń ṣe ò sì yàtọ̀ sí i, èyí tẹ́ ẹ bá rí ẹ rà á, ẹ má dààmú ara yín lórí orúkọ.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tí wọ́n fi pò wọ́n. Nínú lítà D-76 kan, sodium sulphite tó wà níbẹ̀ tó 100 gíráàmù, metol 2, hydroquinone 5, borax 2. Sulphite tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ etí gréènì díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí fọ́tò D-76 tí wọn ò bomi là fi máa ń rọ̀, tí ojú èèyàn á jọ̀lọ̀, àmọ́ tí etí nǹkan ò ní mú tó. Rodinal ò ní irú sulphite yẹn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bomi là á, kì í jẹ gréènì, bí gréènì ṣe rí ló máa ṣe fi í hàn, etí gbogbo nǹkan á sì mú. Lórí fíìmù ISO 400, àwọn èèyàn máa ń sá fún un torí èyí, gréènì á yọ gànnàkù. Àmọ́ lórí Pan F, gréènì wo ló fẹ́ yọ? Kò sí níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa jèrè ni mímú yẹn, okùn òfì kọ̀ọ̀kan á dá dúró, irun dídì á hàn ní ìlà ìlà. Ẹni tó bá ti rí àwọn fọ́tò irun dídì tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 mọ ohun tí mò ń sọ, irun, ìlà, àti okùn, bí etí wọn ò bá mú, kò sí fọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé Rodinal sórí Fomapan 100, ẹ máa rí gréènì, pàápàá lójú ọ̀run tó tẹ́ rẹrẹ, ó sì máa ń jẹ díẹ̀ nínú ISO, ibi tó ṣókùnkùn á ṣófo ju bẹ́ẹ̀ yẹn lọ. Fún Foma, D-76 ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lò, ìdá kan dẹfẹ́lópà sí ìdá kan omi. Tó bá tún jẹ́ pé ojú èèyàn lẹ ń yà, ojú ìyá àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ kó tutù, D-76 náà ni. Delta 100 àti T-Max 100 máa ń ṣe dáadáa nínú méjèèjì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ní ti ìtọ́jú, wọn ò tiẹ̀ jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà. D-76 tẹ́ ẹ bá ti pò, Kodak ní oṣù mẹ́fà ló máa lò nínú ìgò tó kún dẹ́nu tẹ́ ẹ dé pinpin, oṣù méjì péré tí ìgò bá ti dé ìlàjì, yàrá tó tutù sì ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn, wọn ò rò ti oṣù kẹta níbí, nígbà tí NEPA ò sí, tí ògiri fúnra ẹ̀ ń gbóná. Rodinal lè wà nínú ìgò tó ti dé ìlàjì fún ọdún púpọ̀, á dúdú, á dà bí ọtí ṣáyo, síbẹ̀ á fọ fíìmù. Ẹni tí kì í fọ fíìmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó fi ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ gréènì.

Ó sì tún burú jù fún àwọn tó ń lo Pan F, torí pé fíìmù yẹn, tẹ́ ẹ bá ti yà á tán, àwòrán inú ẹ̀ ò fẹ́ dúró pẹ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ilford fúnra wọn ní kẹ́ ẹ tètè fọ̀ ọ́, kó má ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ wá wo ẹni tó yà á lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó lọ wo dẹfẹ́lópà tó pò sílẹ̀, tó ti kú, tó tún ní láti máa dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó kó bá a ra òmíì. Rodinal ò ní fi yín sínú irú ẹ̀, ó wà níbẹ̀, ẹ kàn fi sírínjì fà á, ẹ bomi là á, ó di fífọ̀.

Iye fíìmù tí wọ́n máa fọ̀ náà ńkọ́? Agfa sọ pé kí Rodinal tó máa bọ́ sínú táńkì (ike tá a fi ń fọ fíìmù) fún fíìmù kan tó 10 ml, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò 500 ml máa fọ fíìmù 50. Àwọn èèyàn máa ń lo 5 ml, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má lọ sísàlẹ̀ ìyẹn. Lítà D-76 kan, tẹ́ ẹ bá bomi là á déédéé nínú táńkì 300 ml, 150 ml ló ń lọ lórí fíìmù kan, fíìmù mẹ́fà ó ti tán, ẹ ò sì ní dá èyí tẹ́ ẹ ti lò padà sínú ìgò. Tẹ́ ẹ bá fi omi ìdá mẹ́ta là á, ẹ jẹ́ kí ojúlówó D-76 inú ẹ̀ tó 100 ml fún fíìmù kan, ẹ wá táńkì tó tóbi díẹ̀, fíìmù mẹ́wàá ni lítà kan máa fọ̀ nìyẹn.

Ooru ló máa pinnu

Gbogbo àkókò tẹ́ ẹ bá rí lára páálí, 20°C ni wọ́n ṣe é fún. Omi táńkì dúdú orí òrùlé wa níbí, láti Tanke títí dé Òkè Sóbì, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó máa ń lé ní 30 nígbà míì. Ẹ lè fi áìsì mú un wálẹ̀, ẹ ra pure water tó ti dì, ẹ gbé e sínú báàsì pẹ̀lú ìgò oògùn yín, àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ tán, táńkì yẹn á tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná padà lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kẹ́ ẹ má bá 20 jà. Ẹ mú 24, ẹ jẹ́ kí dẹfẹ́lópà, omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan fíìmù, fíksà (oògùn tó ń mú kí àwòrán dúró), gbogbo wọn wà ní 24, kó má jẹ́ pé ọ̀kan tutù nini ìkejì gbóná, torí ìyẹn máa ń ba ojú fíìmù jẹ́. Ẹ wá gé àkókò kù, ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ṣẹ́ kù fún digírì kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 20, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa ṣẹ́ kù nìyẹn tẹ́ ẹ bá dé 24.

Ẹ wá wò ó lórí Pan F Plus, kẹ́ ẹ rí ìdí tí mo fi ń pariwo. D-76 tàbí ID-11 tí wọn ò bomi là, ìṣẹ́jú 6 àbọ̀ ni ní 20°C, ní 24 ó ti di mẹ́rin àti díẹ̀. Dẹfẹ́lópà tí kò bá tó ìṣẹ́jú márùn-ún nínú táńkì, kì í fọ ojú fíìmù dọ́gba, ẹ máa rí àbàwọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò fíìmù, ojú ọ̀run á ní ìlà, kò sì sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe. Kí ẹ fi omi ìdá kan là á, ìṣẹ́jú 8 àbọ̀ ní 20, ó máa tó bíi 5 àbọ̀ ní 24, ó kàn gbà á ni. Omi ìdá mẹ́ta, ìṣẹ́jú 15 ní 20, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 24, kódà tó bá dé 26, ẹ ṣì ní bíi mẹ́jọ lọ́wọ́. Rodinal náà bẹ́ẹ̀, 1+25 (ìdá kan Rodinal sí omi ìdá 25) jẹ́ ìṣẹ́jú 6 ní 20, ẹ má gbà á níbí, 1+50 jẹ́ ìṣẹ́jú 11, ní 24 ó di 7 àti díẹ̀, ìyẹn ni mo fọwọ́ sí. FP4 Plus máa ń gba àkókò ju Pan F lọ, ìṣẹ́jú 15 ni nínú Rodinal 1+50, ìṣẹ́jú 11 nínú ID-11 tí wọ́n fi omi ìdá kan là, ìṣẹ́jú 20 tó bá jẹ́ omi ìdá mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ní 20°C, torí náà ẹni tó bẹ̀rù ooru lè bẹ̀rẹ̀ láti orí FP4 kó tó lọ sí Pan F.

Láti ibí yìí lọ, ẹ ó rí i pé tí wọ́n bá ní "dẹfẹ́lópà èwo ló dáa", ìdajì ìdáhùn ẹ̀ wà nínú bẹ́ ẹ ṣe máa bomi là á. Oògùn kan náà tó máa ba iṣẹ́ yín jẹ́ nígbà tó ki, ó máa gbè yín nígbà tó bá fẹ́lẹ́.

Láàsì funfun lábẹ́ òòrùn

Fíìmù ISO kékeré le, Pan F ló le jù nínú wọn, ibi tó funfun máa ń yára funfun kọjá ààlà, ibi tó dúdú á sì dì mọ́ra. Ẹ wá gbé e lọ síbi yìgì ní Ìlọrin láàárọ̀ Sátidé, àwọn alfa nínú jálàbíà funfun báláú, fìlà funfun, ìyàwó nínú láàsì, àwọn èèyàn tí àwọ̀ ara wọn dúdú tó ń dán, òòrùn aago méjìlá lórí gbogbo wọn. Irú fọ́tò yìí ló le jù fún fíìmù dúdú-àti-funfun, òun náà ló sì dùn ún wò jù tó bá bọ́ sójú ẹ̀, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí ibi tí àwọn èèyàn ti ṣiṣẹ́ takuntakun tí láàsì wá di bébà funfun lásán, tí ojú ọkọ ìyàwó ò ní nǹkan kan nínú ju eyín lọ.

Ibi méjì la ti ń mú un. Àkọ́kọ́, nínú kámẹ́rà, ẹ fi Pan F sí 32 tàbí 25 dípò 50, kí ìmọ́lẹ̀ wọ àwọ̀ dúdú dáadáa, ẹ wá dín àkókò fífọ̀ kù bíi ìdá kan nínú márùn-ún, kí ibi funfun má bàa kọjá ààlà. Rodinal 1+50 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 11 á di bíi 9 ní 20°C, ẹ tún gé ti ooru lórí ẹ̀. Ìkejì, nínú táńkì, ẹ dín yíyí táńkì kù. Ilford ní kẹ́ ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹrin ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ irú fíìmù yìí, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí lórí fíìmù, dẹfẹ́lópà tó fẹ́lẹ́ máa ń yára rẹ̀ síbẹ̀, tí kò bá sí ẹni tó ń dà á rú, á dáwọ́ dúró níbẹ̀, nígbà tí dẹfẹ́lópà tó wà lórí ibi tó dúdú ṣì lókun, á máa bá iṣẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń mì ín jìgìjìgì bí ẹni ń mi ike yọ́gọ́ọ̀tì, dẹfẹ́lópà tuntun á máa lọ bá ibi funfun, láàsì á gbóná kọjá bó ṣe yẹ.

Níbi ọ̀rọ̀ láàsì yìí, D-76 tí wọ́n fi omi ìdá mẹ́ta là máa ń dọ́gba pẹ̀lú Rodinal, nígbà míì ó tiẹ̀ dáa jù ú lọ, torí kì í jẹ ISO tó Rodinal, ojú dúdú á ní nǹkan nínú díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ya ìgbéyàwó tàbí ìlẹ́yà léraléra, tó ń fọ fíìmù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí D-76 ò sì ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò ní sọ pé kó fi í sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé Rodinal 1+100, kẹ́ ẹ dà á sí i kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan láìfọwọ́ kàn án. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń tọ́jú ibi funfun gan-an, àmọ́ níbi tó gbóná, wákàtí kan ti pọ̀ jù, fíìmù lè ṣe bí ẹni tí kùrukùru bò, ìlà sì lè ṣàn wálẹ̀ láti ibi ihò fíìmù. Fún àpáta àti ère, ẹ lè dán an wò lásìkò ọyẹ́ nígbà tí omi tutù. Fún ojú ọ̀run tàbí ògiri tó tẹ́, rárá.

Àwọn yòókù

HC-110 ti Kodak ló sún mọ́ Rodinal jù nínú ká tọ́jú ẹ̀, olómi tó ki ni, ó máa ń pẹ́ nínú ìgò. Wàhálà ẹ̀ fún wa ni àkókò. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń lò ó, ìdá kan sí omi 31, Pan F á ti ṣe tán ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 20°C, ẹ wá rò ó wò ní 24. Àwọn èèyàn máa ń fi omi ìlọ́po méjì là á, wọ́n á sì sọ àkókò di ìlọ́po méjì, ìyẹn ló ṣeé lò níbí. Gréènì ẹ̀ kéré ju ti Rodinal lọ, etí ẹ̀ ò mú tó o.

Ilfosol 3, Ilford ṣe é fún irú àwọn fíìmù tí à ń sọ yìí gan-an, fọ́tò ẹ̀ dára, etí mú, gréènì kéré. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí ìgò ẹ̀, oṣù díẹ̀ ló ní, àkókò ẹ̀ sì kúrú. Tẹ́ ẹ bá ní fíìmù púpọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀ lóṣù kan, ẹ rà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ fi sílẹ̀.

XTOL jáde ní 1996, fítámì C ni wọ́n fi ṣe é, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù láyé, gréènì kéré, ISO pé, etí mú. Èmi ò gba ẹni tó ń dá fọ̀ nílé nímọ̀ràn ẹ̀ níbí nítorí nǹkan méjì: páálí ńlá tó ń di lítà márùn-ún lẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ tó bá kú, kì í yí àwọ̀ padà, ẹ máa rò pé ó ṣì dáa, fíìmù á jáde láìní nǹkan kan lórí. Omi tó ní irin nínú, irú omi bohóòlù tó máa ń fi pípọ́n sílẹ̀ nídìí ike, ó máa ń pa fítámì C kíákíá. Tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mélòó kan tó ń fọ̀ pọ̀, bíi àwọn ọmọ Unilorin kan, ìyẹn yàtọ̀, ẹ pín in.

Perceptol máa ń pa gréènì gan-an, ó sì máa ń jẹ ISO. Pan F tó jẹ́ 50 á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi 25. Èmi ò rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lórí fíìmù tí gréènì ẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀.

Pyro, ìyẹn PMK àti Pyrocat-HD, ibi funfun ni agbára wọn wà, láàsì á dúró bó ṣe rí lójú gan-an, torí wọ́n máa ń fi àwọ̀ bíi ti tíì sára nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tá a ti fọ̀. Májèlé ni, ó máa ń gba ara wọlé, ẹ nílò òṣùwọ̀n tó pé àti ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà. Tí kò bá sí yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tí ọmọdé ò sì lè dé, ẹ má gbé e wọlé.

Adox CMS 20, ìyẹn ò tiẹ̀ sí nínú àríyànjiyàn, fíìmù tí wọ́n fi ń ya ìwé ni, Adotech tí wọ́n ṣe fún un lẹ máa fi fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sínú D-76, dúdú àti funfun nìkan lẹ máa rí, kò ní sí àárín.

Kọfí ńkọ́?

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní 1995, Scott Williams àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní Rochester Institute of Technology l'Ámẹ́ríkà fi kọfí fọ fíìmù, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Caffenol. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fojú sí i ni pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ lè rí rà n'Ílọrin láìdúró de ẹnikẹ́ni. Fún lítà omi kan: soda ash 54 gíráàmù, fítámì C 16, kọfí 40, ìṣẹ́jú 15 ní 20°C. Soda ash yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ọṣẹ olómi ló wà, ẹ sọ orúkọ ẹ̀ yé wọn dáadáa, torí caustic soda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí káńtà kan náà, ìyẹn á bó yín lọ́wọ́, á sì ba fíìmù jẹ́. Ẹ má fi kán-ún rọ́pò ẹ̀, agbára kán-ún kì í dọ́gba láti ọ̀kan sí òmíì. Kọfí náà, èyí tó jẹ́ kọfí lásán ni o, kì í ṣe sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti da mílíìkì àti ṣúgà mọ́. Fítámì C, ojúlówó pawúdà funfun, kì í ṣe ti ọmọdé tó pọ́n tó dùn lẹ́nu.

Fíìmù ISO kékeré ló bá kọfí mu jù, torí lórí ISO 400 kọfí máa ń fi kùrukùru bo nẹ́gátíìfù, lórí Pan F àti FP4 kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Etí ẹ̀ mú, ojú ẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ tí sikáánà ò kọ̀. Òórùn ẹ̀ burú. Ohun tó jẹ́ kí Rodinal ṣì ṣáájú ẹ̀ ni pé kọfí kan yàtọ̀ sí ìkejì, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ sì máa lò ó, láàárín ìdajì wákàtí tẹ́ ẹ pò ó, kò ṣeé pa mọ́. Èmi máa ń rò ó bíi dẹfẹ́lópà ìpamọ́ fún ọjọ́ tí kò sí òmíì, tí Pan F sì ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́ta.

Omi tẹ́ ẹ máa fi là á

Omi kànga àti bohóòlù púpọ̀ níbí ló le, irú èyí tó máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tùlù. Èyí máa ń fi àbàwọ́n sára fíìmù tó bá gbẹ. Distilled water táwọn rewáyà ń dà sí bátìrì mọ́tò ni kẹ́ ẹ rà, ẹ wo ara ike dáadáa kó má jẹ́ ásíìdì bátìrì ni wọ́n gbé fún yín. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá tó ṣẹ́kù, ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ kí eruku jókòó, kẹ́ ẹ tó fi fíìmù kọ́ síbẹ̀.

Nígbà tó bá wá kan owó, ẹni tó ń yà díẹ̀díẹ̀, tí Pan F àti FP4 sì ni fíìmù ẹ̀, kó ra Rodinal 500 ml kan, sírínjì 10 ml kan láti ilé oògùn, tẹmọ́mítà kan tó ṣeé gbára lé, àti ìbọ̀wọ́, torí Rodinal tí wọn ò tíì bomi là máa ń jẹ ara. Ẹni tó ń lo Foma tàbí Kentmere, tó ń ya ojú èèyàn, tó sì ń fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó mú D-76 tàbí ID-11 èyí tó rọrùn láti rí. Pawúdà yẹn, omi gbígbóná lẹ máa fi pò ó, torí náà alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ṣe é kó lè tutù, ẹ pín in sínú ìgò kéékèèké tó kún dẹ́nu, ẹ má lo ike mínírà torí àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì fi máákà kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pò ó sára ìgò kọ̀ọ̀kan.